Ogun Tán, Iṣẹ́ Kù: Ohun tí Làìbéríà Kọ́ Wa nípa Ìpẹ̀tùsíjà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fi iná sórí òrùlé kí a lọ sùn. Òwe yìí yé tọmọdé tàgbà nígbà tí iná bá ń jó lálá. Ibi tí ó ti máa ń rú ènìyàn lójú ni ìgbà tí iná bá ti kú, tí ó ku èéfín nìkan, tí aládùúgbò ti gbé korobá rẹ̀ tí ó ń múra àtilọ sílé. Ṣé ó ti yẹ kí ó máa lọ? Ta ni yóò tú eérú wò bóyá ẹyin iná ṣì wà lábẹ́ rẹ̀? Bí òru bá dé tí afẹ́fẹ́ sì fẹ́, ta ni a óò tún pè?

Ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò, ẹ̀yin olùkọ́ wa àti ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, lórí ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè tí ogun abẹ́lé bá jà, tí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn sì kó ọmọ ogun lọ láti bá a parí rẹ̀. Làìbéríà ni n óò fi ṣe àpẹẹrẹ. Ìdí méjì ni mo fi yàn án. Èkíní, owó Nàìjíríà àti ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Nàìjíríà wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Kì í ṣe ìtàn òkèèrè fún wa. Èkejì, ẹ̀ẹ̀mejì ni a ràn án lọ́wọ́. Wọ́n ka ti àkọ́kọ́ sí èyí tí ó parí ní 1997, ogun sì tún bẹ́ kí ọdún méjì tó pé. Ti ẹ̀ẹ̀kejì bẹ̀rẹ̀ ní 2003, ó gba ọdún mẹ́rìnlá àti ààbọ̀, láti ìgbà náà títí di òní ogun kò tún jà níbẹ̀ mọ́.

Kí ló fa ìyàtọ̀? Kì í ṣe pé àwọn ọmọ ogun ti ẹ̀ẹ̀kejì láyà ju ti àkọ́kọ́ lọ. Èrò tèmi ni pé àwọn ti ẹ̀ẹ̀kejì dúró láti ṣe iṣẹ́ tí ó kù lẹ́yìn tí ìbọn ti dákẹ́. Iṣẹ́ yìí kò lókìkí, ìwé ìròyìn kì í fi í ṣe àkọlé, ṣùgbọ́n òun gan-an ni ìpẹ̀tùsíjà.

BÍ OGUN NÁÀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Àwọn ènìyàn dúdú tí wọ́n ti Amẹ́ríkà padà sí Áfíríkà ló kéde Làìbéríà ní orílẹ̀-èdè olómìnira ní 1847. Fún ọdún tí ó lé ní 130, ọwọ́ àwọn ọmọ wọn ni ìjọba wà, àwọn onílẹ̀ sì ń wò ó lẹ́yìn agbo. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹrin 1980, sájẹ́ǹtì kan tí ń jẹ́ Samuel Doe pa Ààrẹ William Tolbert, ó sì gba ìjọba. Àwọn ènìyàn jó, wọ́n yọ̀, pé ọmọ onílẹ̀ ti dé orí oyè. Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Doe kó ipò fún àwọn ẹ̀yà rẹ̀, àwọn Krahn. Nígbà tí ìdìtẹ̀gbàjọba kan sì kùnà ní 1985, àwọn ọmọ ogun rẹ̀ gbẹ̀san lára àwọn Gio àti Mano tí wọ́n ń gbé ní agbègbè Nimba.

Nígbà tí Charles Taylor àti àwọn ọlọ̀tẹ̀ rẹ̀ yóò fi gba ẹnubodè Côte d'Ivoire wọlé ní ọjọ́ 24 oṣù kejìlá 1989, Nimba náà ni wọ́n gbà wọlé. Igi gbígbẹ ti wà nílẹ̀, ìṣáná ló kù. Láàrin oṣù díẹ̀ wọ́n ti dé ẹ̀bá Monrovia, olú ìlú. Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù keje 1990, àwọn ọmọ ogun Doe wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì St. Peter's Lutheran, wọ́n sì pa nǹkan bí 600 ènìyàn tí wọ́n sá di ibẹ̀, ọkùnrin, obìnrin àti ọmọ wẹ́wẹ́.

ALÁDÙÚGBÒ GBÉ KOROBÁ DÉ

Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, Iraq gba Kuwait, ojú gbogbo ayé sì yí sí ọ̀nà ibẹ̀. Kò sí ẹni tí ó ráyè Làìbéríà. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà nìkan ni kò lè ṣojú fúrú, nítorí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní í jẹ́ kí a sùn lóru. Àjọ ECOWAS pinnu ní ìlú Banjul, wọ́n sì dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun ECOMOG sílẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 1990 ni wọ́n gúnlẹ̀ sí èbúté Monrovia: Nàìjíríà, Gánà, Guinea, Sierra Leone àti Gambia. Arnold Quainoo, ọmọ Gánà, ni ọ̀gágun wọn àkọ́kọ́. Ti Nàìjíríà ló pọ̀ jù nínú ọmọ ogun àti nínú ìnáwó fún gbogbo ọdún tí iṣẹ́ náà fi wà.

Ẹ má ṣe rò pé ìrìn-àjò fàájì ni. Kò pé oṣù kan tí wọ́n dé tí Prince Johnson, tí ó ti yapa kúrò lẹ́yìn Taylor, fi mú Doe nínú ọgbà ECOMOG fúnra rẹ̀ ní ọjọ́ 9 oṣù kẹsàn-án, tí wọ́n sì pa á. Láti ìgbà náà ni ECOMOG ti mọ̀ pé kò sí àlàáfíà kankan nílẹ̀ tí àwọn lè máa ṣọ́. Joshua Dogonyaro, ọmọ Nàìjíríà, gba ipò ọ̀gágun, wọ́n sì fi ogun lé Taylor kúrò ní olú ìlú. Ní 1992 Taylor tún kọlu Monrovia, wọ́n tún lé e padà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló kú sí ẹnu iṣẹ́ yìí. Àwọn akọ̀ròyìn wa méjì, Tayo Awotusin àti Krees Imodibie, lọ síbẹ̀ ní 1990 láti kọ ohun tí ojú wọn rí. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ pa wọ́n. Àwọn ará Làìbéríà tí wọ́n sá àsálà sì di àlejò wa nílẹ̀ Yorùbá níhìn-ín, ní àgọ́ Orù-Ìjẹ̀bú.

Ẹni tí ó bá sọ pé ECOMOG kò ṣe nǹkan kan, irọ́ ló pa. Láìsí ECOMOG, Monrovia ì bá ti pa run. Mo sọ èyí ṣáájú nítorí ọ̀rọ̀ tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn, kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé mo ń tàbùkù àwọn tí wọ́n kú.

ILÉ TÍ A FI ITỌ́ MỌ

Àléébù mẹ́ta ló wà nínú ìrànwọ́ àkọ́kọ́ yìí.

Èkíní ni ìwà. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ ogun apẹ̀tùsíjà kó ẹrù oníyẹ̀wù, wọ́n kó ọkọ̀, wọ́n kó irin èbúté. Àwọn ará Monrovia sọ orúkọ ECOMOG di àwàdà: wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé gbogbo ọkọ̀ àti ohunkóhun tí ó bá lè rìn ti lọ. Àwàdà ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín. Àwọn mìíràn bímọ síbẹ̀, wọ́n sì fi ìyá àti ọmọ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ wálé.

Èkejì ni pé àwọn tí ó wá làjà wọ inú ìjà. Láti lè bá Taylor jà, àwọn kan nínú ECOMOG ń ran àwọn ẹgbẹ́ ọlọ̀tẹ̀ mìíràn lọ́wọ́. Bí onílàjà bá ti fún ẹnìkan ní kùmọ̀, ta ni yóò tún gba ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gbọ́? Ìdí nìyí tí àdéhùn fi ń gorí àdéhùn: Yamoussoukro ní 1991, Cotonou ní 1993, Akosombo ní 1994, Àbújá ní 1995. Ní oṣù kẹrin 1996, ìjà tún bẹ́ sílẹ̀ ní àárín gbùngbùn Monrovia, àfi ìgbà tí wọ́n tún padà sí Àbújá lọ́dún náà láti tún àdéhùn ṣe.

Ẹ̀kẹta ló burú jù: ìkánjú. Owó ti ń tán, ara ti ń kan gbogbo wọn, oníkálukú fẹ́ padà sílé. Àárín oṣù kọkànlá 1996 sí oṣù kejì 1997 ni wọ́n fi gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn ajagun. Wọ́n gba ìbọn tán, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ. Níbo? Láti ṣe iṣẹ́ wo? Kò sí ẹni tí ó dáhùn. Ní ọjọ́ 19 oṣù keje 1997 wọ́n dìbò, Taylor sì gba nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin gbogbo ìbò. Òun ló lówó jù, òun ló ní ilé-iṣẹ́ rédíò, àwọn ènìyàn sì ń bẹ̀rù pé bí kò bá wọlé, yóò padà sínú igbó. Ìbò tí ẹ̀rù bá dì, ṣé ìbò ni?

Àdéhùn tún sọ pé ECOMOG ni yóò tún ẹgbẹ́ ọmọ ogun Làìbéríà tò, kí ó má baà jẹ́ ti ẹ̀yà kan tàbí ti ẹnìkan. Nígbà tí Taylor dé orí oyè, ó ní ìjọba olómìnira ni tòun, òun yóò tún ọmọ ogun òun tò fúnra òun. Àwọn tí ó ti jà lábẹ́ rẹ̀ ló kó sínú iṣẹ́ ààbò. Àwọn apẹ̀tùsíjà di ẹrù wọn, wọ́n sì ń lọ. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní 1999, àwọn ọlọ̀tẹ̀ tuntun tí wọ́n ń pè ní LURD gba agbègbè Lofa wọlé. Ogun ti padà dé.

ÌRÀNWỌ́ Ẹ̀Ẹ̀KEJÌ

Láàrin oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ 2003, ìbọn ńlá ń rọ̀ bí òjò lé Monrovia lórí, oúnjẹ di ọ̀wọ́n góógó. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dárúkọ àwọn tí ó dá ogun yìí dúró kí ọmọ ogun kankan tó dé. Obìnrin ni wọ́n. Leymah Gbowee àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, onígbàgbọ́ àti mùsùlùmí, wọ aṣọ funfun, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nínú oòrùn àti òjò, títí Taylor fi gbà láti rí wọn. Wọ́n tẹ̀ lé àwọn ọkùnrin lọ sí ìpàdé àlàáfíà ní Accra. Nígbà tí wọ́n rí i pé inú òtẹ́ẹ̀lì ń tu àwọn olórí ogun lára nígbà tí ènìyàn ń kú nílé, wọ́n fi ara dí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìpàdé, wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò ní í jáde àfi bí ọ̀rọ̀ bá lójú. Nígbà tí wọ́n fẹ́ mú Gbowee, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ rẹ̀. Ọmọ Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ láti mọ ohun tí ìhòòhò abiyamọ ní gbangba túmọ̀ sí. Àwọn tí ó fẹ́ mú un padà sẹ́yìn.

Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹjọ, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tún gúnlẹ̀. Ní ọjọ́ 11, Taylor fi ipò sílẹ̀, ó sì wá sí Calabar. Ní ọjọ́ 18, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn àlàáfíà ní Accra. Títí dé ibí yìí, ọ̀rọ̀ náà jọ ti àtẹ̀yìnwá. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni kò jọ ọ́. Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò ti Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè Àgbáyé dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní UNMIL, wọ́n yọ̀ǹda ọmọ ogun 15,000 fún un àti ọlọ́pàá tí ó lé ní 1,000. Ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá 2003, àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ti wà nílẹ̀ dé fìlà búlúù, wọ́n sì di ara rẹ̀. Daniel Opande, ọmọ Kẹ́ńyà, ni ọ̀gágun.

N kò sọ pé wọn kò ṣe àṣìṣe. Ní oṣù kejìlá 2003, wọ́n ṣí ibi tí wọn yóò ti máa gba ìbọn ní àgọ́ Schieffelin. Wọn kò múra tó. Àwọn ajagun tí ó dé pọ̀ ju èyí tí wọ́n rò lọ fíìfíì, owó tí wọ́n ṣèlérí kò sí nílẹ̀, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀ láàrin ìgboro, ènìyàn sì kú. Wọ́n dá iṣẹ́ náà dúró, wọ́n lọ múra, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹrin 2004. Nígbà tí yóò fi parí lọ́dún náà, ènìyàn tí ó lé ní 100,000 ti forúkọ sílẹ̀ pé ajagun ni àwọn, ṣùgbọ́n ìbọn tí wọ́n gbà kò ju nǹkan bí 28,000 lọ.

Ẹ wo ìṣirò yẹn dáadáa. Àwọn kan lára wọn jẹ́ obìnrin àti ọmọdé tí wọ́n ń ru ẹrù, tí wọ́n ń se oúnjẹ nínú igbó. Àwọn kan kò jà rárá, wọ́n kàn wá jẹ nínú owó ni. Síbẹ̀ ohun kan hàn gbangba: ìbọn kọ́ ni ìṣòro tí ó tóbi jù. Ìṣòro tí ó tóbi jù ni ọ̀dọ́ tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Nítorí náà ni wọ́n fi rán àwọn kan lọ sílé ìwé, tí wọ́n kọ́ àwọn mìíràn ní iṣẹ́ káfíńtà, bíríkìlà àti aṣọ rírán. Kò dé ọ̀dọ̀ gbogbo wọn. Oko rọ́bà Guthrie wà lọ́wọ́ àwọn ajagun àtijọ́, tí wọ́n ń kọ rọ́bà tà fún ara wọn bí ìgbà tí ogun kò tíì tán, títí di 2006 kí ìjọba àti UNMIL tó gbà á padà.

Wọ́n tún mọ̀ pé ogun ní oúnjẹ tí ó ń jẹ. Dáyámọ́ńdì àti gẹdú ni Taylor fi ń ra ìbọn. Ìgbìmọ̀ Ètò Ààbò ka dáyámọ́ńdì Làìbéríà léèwọ̀ ní 2001, ó ka gẹdú léèwọ̀ ní 2003, kò sì tú èèwọ̀ náà sílẹ̀ títí ìjọba fi ṣe òfin tí yóò máa tọ́ wọn: gẹdú ní 2006, dáyámọ́ńdì ní 2007. Ní 2005, wọ́n fi àwọn àjèjì sí ibi tí owó ìjọba ti ń wọlé, tí owó kò lè jáde láìsí pé wọ́n bá onílé fọwọ́ sí i. Ó dun àwọn aṣáájú Làìbéríà, kò sì ní í ṣe kí ó má dùn wọ́n. Ṣùgbọ́n ó dí ihò tí eku ń gbà.

Ní ti ọlọ́pàá, wọ́n ṣa àwọn ti àtijọ́ lẹ́sẹẹsẹ, wọ́n sì kọ́ àwọn tuntun. Ní 2007 ẹgbẹ́ ọlọ́pàá kan dé láti Íńdíà tí gbogbo wọn jẹ́ obìnrin, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú iṣẹ́ Àjọ Àgbáyé. Àwọn ọmọbìnrin Làìbéríà rí wọn pẹ̀lú ìbọn àti aṣọ iṣẹ́, àwọn náà sì ń wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ní ti ọmọ ogun, wọ́n tú ti àtijọ́ ká pátá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo pẹ̀lú nǹkan bí 2,000. Ọ̀gágun ọmọ Nàìjíríà, Suraj Abdurrahman, ló wà nípò olórí wọn láti 2007 títí di 2014 tí ọmọ Làìbéríà fi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ tí Taylor kọ̀ kí ECOMOG ṣe ní 1997 ni wọ́n wá ṣe yìí.

Wọn kò sì lọ lójijì. Ìdìbò wáyé ní 2005, Ellen Johnson Sirleaf wọlé, wọn kò lọ. Ìdìbò tún wáyé ní 2011, wọn kò tíì lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín ara wọn kù. Nígbà tí àrùn Ebola dé ní 2014, tí ó sì pa ohun tí ó lé ní 4,800 ènìyàn ní Làìbéríà, wọ́n ṣì wà níbẹ̀. Ìparí oṣù kẹfà 2016 ni wọ́n gbé iṣẹ́ ààbò lé onílé lọ́wọ́ pátá, wọ́n sì dúró wò ó fún ọdún méjì ó dín díẹ̀. Ní oṣù kìíní 2018, Sirleaf gbé ìjọba fún George Weah, ìgbà àkọ́kọ́ láti 1944 tí ààrẹ kan tí a dìbò yàn yóò gbé e fún òmíràn ní ìtùnbí-ìnùbì. Ọjọ́ 30 oṣù kẹta lọ́dún náà ni UNMIL ti ilẹ̀kùn. Ní 2023, Weah fìdí rẹmi lọ́wọ́ Joseph Boakai, ó gbà bẹ́ẹ̀, ó sì kí i kú oríire. Kò sí apẹ̀tùsíjà kankan nílẹ̀ mọ́ nígbà náà. Èyí ni ẹ̀rí.

OHUN TÍ Ó ṢÌ KÙ

Bí mo bá dákẹ́ síbí, mo ti fi apá kan ọ̀rọ̀ pamọ́. Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà kalẹ̀ ní Làìbéríà. Ní 2009 ó ní kí wọ́n dá ilé-ẹjọ́ sílẹ̀ fún àwọn tí ó hùwà ìkà lójú ogun. Wọn kò dá a. Wọ́n dájọ́ Taylor ní 2012, ẹ̀wọ̀n 50 ọdún, ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe ní Sierra Leone ni wọ́n torí rẹ̀ dá a lẹ́jọ́, kì í ṣe ohun tí ó ṣe nílé. Prince Johnson, tí wọ́n mú Doe lọ sí ọ̀dọ̀ rẹ̀, di sẹ́nétọ̀ ní ìdìbò 2005, ipò náà ló wà títí ó fi kú ní 2024. Ọdún 2024 yìí kan náà ni Ààrẹ Boakai tó fọwọ́ sí ìwé pé kí iṣẹ́ ilé-ẹjọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Lójú pópó Monrovia àti nínú itẹ́ òkú rẹ̀, àwọn ajagun àtijọ́ àti àwọn ọ̀dọ́ tí oògùn olóró ti bà jẹ́ ṣì ń sùn ní gbangba. Zogo ni ìlú ń pè wọ́n. Ẹyin iná kan ṣì wà lábẹ́ eérú.

ÀWỌN TÍ KÒ GBÀ

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé kí ló kàn wá? Ilé tiwa náà ń jó, ẹ̀ ń sọ ti aládùúgbò. Ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mi ò sì ní í fi ẹ̀rín bò ó. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé oṣù kẹta 1991 ni iná Làìbéríà ràn mọ́ Sierra Leone, ogun ọdún mọ́kànlá sì bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Nàìjíríà tún kó ọmọ ogun lọ síbẹ̀ náà. Ìṣẹ́jú tí a fi yára kúrò nílé ẹni kan, ọdún la fi ń san án nílé ẹlòmíràn.

Àwọn mìíràn yóò sọ pé àjèjì tí ó bá pẹ́ nílé ẹni yóò di onílé. Èyí gan-an ni ọmọ Yorùbá mọ̀ jù. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Gómìnà Èkó ló ṣe alárinà àdéhùn 1886. Kí ó tó di òpin ọdún 1893, ẹni tí ó wá là wá ti ń jọba lé wa lórí. Lọ́nà kejì ẹ̀wẹ̀, ọ̀rọ̀ Ifẹ̀ àti Mọ́dákẹ́kẹ́ tí ìwé àdéhùn yẹn fẹ́ yanjú kò yanjú. Ìjà rẹ̀ tún bẹ́ ní 1981 àti ní 1997. Nítorí náà, ewu méjì ló wà: kí alárinà má lọ mọ́, àti kí ó lọ láìparí iṣẹ́. Ohun tí ó gba Làìbéríà lọ́wọ́ ewu àkọ́kọ́ ni pé kì í ṣe orílẹ̀-èdè kan ló ni UNMIL, a ní láti máa tún àṣẹ rẹ̀ ṣe nígbà dé ìgbà, wọ́n sì kọ iṣẹ́ tí ó gbọ́dọ̀ ṣe kí ó tó lọ sílẹ̀ ní dúdú lórí funfun. Kí a bá àlejò ṣàdéhùn iṣẹ́, kí a má ṣe bá a ṣàdéhùn ọjọ́ nìkan.

KÍ NI KÍ Á ṢE?

Nígbàkúùgbà tí Nàìjíríà bá tún fẹ́ kó ọmọ ogun lọ sí orílẹ̀-èdè tí ogun ń jà, ohun mẹ́rin ló yẹ kí àwa ọmọ ìwé bi ìjọba wa. Èkíní: lẹ́yìn ìdìbò àkọ́kọ́, ta ló kù síbẹ̀? Ìdìbò kì í ṣe òpin iṣẹ́, àárín rẹ̀ ni. Èkejì: iṣẹ́ wo ló wà nílẹ̀ fún ẹni tí a bá gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, owó rẹ̀ sì dà, kí a tó ṣí àgọ́? Ẹ̀kẹta: ta ni yóò fìyà jẹ ọmọ ogun tiwa tí ó bá kó ẹrù olóògbé tàbí tí ó bá bímọ sílẹ̀? Ẹ̀kẹrin: àwọn obìnrin ìlú náà dà nínú ìpàdé? Àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Onílé ni yóò júwe ibi tí kòtò wà.

Iṣẹ́ kan wà tí ó kan ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tiwa ní pàtàkì. Àwọn ọmọ ogun tí wọ́n ti Làìbéríà bọ̀ wà láàrin wa, ní Ìbàdàn, ní Abẹ́òkúta, ní Òṣogbo, ní Ìlọrin. Wọ́n ti fẹ̀yìntì, wọ́n ti ń darúgbó, àwọn mìíràn ti kú. Èdè Yorùbá ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń sọ ohun tí ojú wọn rí. A ń kó oríkì jọ, a ń kó ìjálá jọ, ó dára. Kí ló dé tí a kò lè gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ lọ bá àwọn bàbá yìí fún àpilẹ̀kọ àṣekágbá wa? Kí a béèrè ohun tí wọ́n ṣe dáadáa, kí a sì béèrè èyí tí kò dáa. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á ní orí iṣẹ́. Bí a kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, ẹni tí ó bá tún ń lọ yóò tún gba ọ̀nà 1997.

Ní 2013, Làìbéríà kó ọmọ ogun tirẹ̀, àwọn tuntun tí a kọ́ láti orí òfo, lọ sí Mali láti bá Àjọ Àgbáyé pẹ̀tù sí ìjà níbẹ̀. Wọn kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí a fà dìde náà ti ń na ọwọ́ sí ẹlòmíràn. Àṣeyọrí yẹn kò ti ọwọ́ ìbọn wá. Sùúrù àwọn tí ó dúró tú eérú wò ló bí i.